Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ síta: báwo la ṣe ń bá ọ̀dọ́langba ṣiṣẹ́ kí ilé má baà tú?

Tíṣà Iléṣà béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Iléṣà, ọdún kejì sì nìyí tí wọ́n ti ní kí n máa mójú tó àwọn ọmọ tí ìwà wọn ń kọ òbí lóminú. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì ń fẹ́ ìmọ̀ràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni ìyá ọmọ náà sọ pé òun yóò kó ẹrù rẹ̀ síta fún un.

Ọmọ ọdún 15 ni, ọkùnrin, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Àtakúmọ̀sà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde, ó sì máa ń tó aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó wọlé. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ní Èkó. Orí fóònù ló ti ń bá wọn gbé, ìyẹn ni pé ó ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá rí i, ó sì ń fi ìbínú ránṣẹ́ nígbà gbogbo. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí ọmọ náà ti ń sá kúrò ní kíláàsì. A kọ́kọ́ rò pé ilé tẹ́tẹ́ ló ń lọ, títí di ọjọ́ kan tí mo wo bàtà rẹ̀ tí mo rí ẹrẹ̀ pupa, irú èyí tí kò sí ní ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó ti gbẹ mọ́ ọn létí. Ó tún wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọ̀nà Ìtagunmodi ló ń gbà lọ. Ó ń bá àwọn tó ń wa wúrà fọ yẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òórùn igbó tí wọ́n ń mu bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wọlé. Ó ti gbá àbúrò rẹ̀ obìnrin létí nítorí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni ó sùn síta ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi, mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní: "Tíṣà, ó ti sú mi. Kí wọ́n gbé e lọ sí Bọ́sítà l'Ábẹ́òkúta, tàbí kó máa lọ bá bàbá rẹ̀ l'Ékòó, tàbí kí n fà á lé wòlíì tó ń de irú wọn mọ́lẹ̀ lọ́wọ́." Bó ti sọ èyí tán ni ó bú sẹ́kún, ohun tó sì béèrè lọ́wọ́ mi kó tó lọ ni bóyá ọmọ náà jẹun ọ̀sán.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a lè gbà bá ìyá àti ọmọ yìí ṣiṣẹ́ kí ọmọ náà má kúrò nílé, láìjẹ́ pé à ń gbè sẹ́yìn ìwàkiwà? Àti pé ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: ṣé ọmọ ni, ṣé ìyá ni, àbí bàbá tí kò sí nílé?

Àgbà Wẹ́fíà dáhùn:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún 27 ni mo lò nídìí iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà, kí n tó fẹ̀yìn tì, Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi mẹ́ta tí ìyá náà dárúkọ, nítorí bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà ní ọ̀kan nínú wọn, kò ní lè jókòó ti iṣẹ́ tó wà nílé.

Bọ́sítà, ìyẹn ọgbà àtúnṣe ìwà àwọn ọ̀dọ́ tó rú òfin, kì í ṣe ibi tí ìyá ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ ló ń rán ọmọ lọ síbẹ̀, àwọn tó ti pé ọdún 16 tí wọn kò sì tíì pé 21 ni òfin dá a sílẹ̀ fún. Ọmọ ọdún 15 sì ni tiyín. Ní ti wòlíì, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, ka ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka ìyà àti ìwọ̀sí tí kò yẹ ọmọ ènìyàn léèwọ̀; ẹ̀wọ̀n tí a fi so ọmọ mọ́ òpó, ìyà ni, ìbáà jẹ́ pé orin ẹ̀mí ni wọ́n ń kọ sí i létí. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ààbò òbí rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ yà á kúrò lọ́dọ̀ wọn bí kò bá fẹ́, àfi nítorí ẹ̀kọ́ àti ìgbáyégbádùn rẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é láǹfààní. Ní ti Èkó, ọmọ tí kò gbọ́ràn sí ìyá tó ń sùn nílé lẹ́nu, ṣé bàbá tó ń sùn ní gáréèjì ni yóò wá gbọ́ tirẹ̀?

Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ìyá, inú ilé rẹ̀ sì ni, kì í ṣe ọ́fíìsì yín. Ẹ lọ ní alẹ́, lẹ́yìn tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ tí ó sì ti mu omi. Ẹ má ṣe mú ìwé dání. Ẹ wo ibi tí ọmọ náà ń sùn, ẹ wo ẹni tó ń se oúnjẹ alẹ́, ẹ wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dé ilé kan rí tí wọ́n ní ọmọ ń sá lóru. Nígbà tí mo wọlé, yàrá kan ṣoṣo ni, ènìyàn márùn-ún ló ń sùn síbẹ̀, ojú sì ń ti ọmọkùnrin ọdún 16 náà láti bọ́ aṣọ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Aṣọ kan tí a ta sí igun yàrá bí ìkélé ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ìwàásù mi kò ṣe.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fura sí jù. Ọmọ tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà ń gba owó. Ẹ fi ohùn kẹ́lẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ohun tí ọmọ náà ti rà wọlé láti oṣù mẹ́rin yìí. Lákòókò tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá kan fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàròyé ọmọ rẹ̀ fún mi kó tó jẹ́wọ́ pé ọmọ náà ló san owó iná, òun ló sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá bá ti jẹ nínú owó yẹn ni ẹnu rẹ̀ ti wúwo. Bó bá wá fẹ́ bá ọmọ wí, èébú àti èpè nìkan ló kù tó lè sọ, nítorí kò lè sọ òtítọ́. Ọmọ náà sì mọ̀. Ó ti di ọkùnrin ilé, wọ́n tún fẹ́ kó kúnlẹ̀ gba pàṣán. Títí tí a kò bá sọ ọ̀rọ̀ owó yìí síta láìsí ìtìjú, kò sí àdéhùn tí yóò dúró.

Ẹ má ṣe fi ohun mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta: kí ó máa sùn nílé, kí ó má ṣe na àbúrò rẹ̀ mọ́, kí ó sì sọ ibi tó ń lọ, kódà bí ibẹ̀ kò bá wù yín. Ọ̀rọ̀ igbó àti kíláàsì yóò tẹ̀lé e. Kí ìyá náà ní ohun tirẹ̀ tí yóò ṣe: kò gbọdọ̀ ṣépè, kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, kí ó sì fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ bó ti wù kí alẹ́ lẹ́ tó. Kí bàbá máa pè ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, kí ó sì béèrè ohun méjì kó tó bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ kọ ọ́ sí páálí, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Kì í ṣe àbá orí lásán ni mò ń sọ. Ní ìlú Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní 1974 tí wọ́n ń pè ní Homebuilders, fún àwọn ìdílé tí wọ́n ti fẹ́ gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ wọn. Inú ilé ni òṣìṣẹ́ ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdílé bíi méjì péré ló sì ń mú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì lè pè é tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìdílé méjì yẹn, ẹ̀rín ni mo rín, nítorí fáìlì tó wà lórí tábìlì tèmi lọ́jọ́ náà ga ju ife tíì mi lọ. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ̀yin lè mú ìdílé kan yìí.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ kú àdúrótì ọmọ, Tíṣà. Èmi kò mọ ìwé tó àwọn àgbà tó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣe ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ ṣe, mo sì fẹ́ kó gbọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ ọdún 14 ni èyí àgbà nínú àwọn ọkùnrin mi nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ gáréèjì rìn, tó sì ń mu àwọn omi oògùn ikọ́ olómi dídùn wọ̀nyẹn, kí ìjọba tó fòfin de èyí tó ní kódéìnì ní 2018. Mo di ẹrù rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ sí ìbátan mi kan ní Ìbàdàn, mo sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mi ò ní purọ́. Wọ́n ní yóò máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé ìtajà ni wọ́n fi sí. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀, nígbà tó sì padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò wọlé. Mo rò pé ó ń bínú ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ńṣe ló ń dúró kí n ní kó wọlé, bí àlejò. Ilé tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀.

Ó dákẹ́ púpọ̀ nígbà náà, àwọn aládùúgbò sì ń kí mi pé ọmọ ti tẹ́jú. Kò tẹ́jú, kò kàn ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe dáadáa báyìí, títí di òní, bí mo bá pè é lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ṣé kò sí o. Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún obìnrin náà pé ọmọ tí a lé jáde lè padà wálé tán kó má padà sọ́dọ̀ ẹni. Kí ó gba àwo oúnjẹ tí bàbá yẹn sọ gbọ́. Oúnjẹ tí a gbé pamọ́ lábẹ́ ìdérí ni mo padà fi wọlé sí tèmi lára, kì í ṣe ìbáwí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ dáhùn:

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin òbí mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Wẹ́fíà sọ, àfi pé mo rò pé ìyá, ọmọ àti Tíṣà nìkan kò lè gbé e. Níbo ni àwọn mọ̀lẹ́bí wà? Ní 1989, orílẹ̀-èdè Niu Silandi ṣe òfin kan pé kí ìjọba tó gba ọmọ kúrò nílé, kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ jọ, láti ọ̀dọ̀ ìyá àti láti ọ̀dọ̀ bàbá, kí wọ́n jọ gbèrò ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn Màórì, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni àṣà yẹn ti wá, nítorí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ìjọba ṣe ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé àjèjì. Ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ̀ yóò sọ pé ìpàdé ẹbí nìyẹn, kí ló tún jẹ́ tuntun níbẹ̀?

Ohun tó yàtọ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tán, ó ní láti jáde kúrò nínú yàrá kí àwọn ẹbí lè dá sọ̀rọ̀, wọn kò sì ní fọ́nká láìmọ ẹni tí yóò ṣe kí ni, ní ọjọ́ wo. Ìpàdé ẹbí tiwa, ẹ má bínú sí mi, sábà máa ń di ibi tí ènìyàn mẹ́jọ yóò ti bú ọmọ kan, tí wọn yóò gbàdúrà sí i lórí, tí wọn yóò jẹ ẹ̀bà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní padà wá títí di ọdún tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹbí, ẹ pe ènìyàn mẹ́rin tó fẹ́ràn ọmọ náà, kí ó fúnra rẹ̀ dárúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Kí n tún fi èyí kún un. Ní ẹkùn Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dán ètò kan wò fún òbí àti ọ̀dọ́langba tí wọ́n ń pè ní Sinovuyo Teen: ìdílé 552 ní ìletò àti àdúgbò 40, ọ̀sẹ̀ 14. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó darí rẹ̀, ètò ìnáwó ilé sì wà lára ohun tí òbí àti ọmọ jọ kọ́, èyí tó bá ọ̀rọ̀ owó tí Bàbá sọ mu. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nínà àti ìlòkulò ti dín kù, lílo oògùn àti ọtí náà dín kù lọ́dọ̀ òbí àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwà àìgbọràn àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín àkókò kúkúrú yẹn. Mo sọ èyí kí ìyá náà má baà máa wo ọmọ lójú lójoojúmọ́ bóyá ó ti yí padà. Ọwọ́ òbí ló kọ́kọ́ ń yí.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ nítorí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé dandan ni kí gbogbo ilé wà papọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé kan wà tí ọmọ ń sá kúrò nítorí ohun tí wọ́n ń fi ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà kí wẹ́fíà tó dá sí i. Nítorí náà, Tíṣà, ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tó gbá létí sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ẹ béèrè bóyá ìgbátí nìkan ni. A kò lè fi ọmọbìnrin ra ìṣọ̀kan ilé.

Ní ti ibi ìwakùsà, ẹ mú un wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kó wúrà jọ, tí wọ́n á sì fi iná sun ún. Èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn á máa gbọ̀n. Ní 2010, ní Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí wúrà pa àwọn ọmọdé tó tó 400. Nípa igbó, bó bá ti wọ̀ ọ́ lára tí kò lè sùn láìmu ún, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Aláìsàn ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, kì í ṣe wèrè nìkan, ẹ bá mi tẹnu mọ́ èyí fún ìyá rẹ̀.

Tíṣà Iléṣà padà kọ̀wé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sí ilé náà ní alẹ́ ọjọ́ Thursday, kí Sátidé tó pé. Àpò ìrẹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aṣọ, ó ti dé ààbọ̀. Mo béèrè bí Bàbá Wẹ́fíà ti ní kí n béèrè. Ìyá náà kò dáhùn, ó kàn ń fi ọwọ́ pa ẹnu àpò ìrẹsì náà dé, bí ẹni ń bo ìhòòhò. Nígbà tó yá ló ní ọmọ náà ló rà á, òun sì ti sọ fún àwọn ará ilé pé bàbá rẹ̀ ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó ní òun kò bínú pé wọ́n jẹ ẹ́, pé wọ́n ní ẹlòmíràn ló rà á ni ó dun òun.

Àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé ìgbátí náà ni, kò sí ohun mìíràn. A pe ènìyàn mẹ́rin. Ọmọ náà dárúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ń ṣe wẹ́dà ní àdúgbò Ìmọ̀ níbí ní Iléṣà. Páálí ti wà lára ògiri. Bàbá pè ní Sunday àkọ́kọ́, ó bínú. Ó pè ní Sunday kejì, ó béèrè ohun kan nínú méjì. Ọmọ náà sùn síta lẹ́ẹ̀kan péré láti ìgbà náà, ó sì wá sí kíláàsì lọ́jọ́ mẹ́sàn-án nínú 15. Òórùn igbó kò tíì lọ, Nọ́ọ̀sì, àmọ́ ó ti gbà láti wá kí yín.

Ohun tó tún wá délẹ̀ ni pé ó ní ẹni tí òun ń bá fọ yẹ̀pẹ̀ ṣì jẹ òun ní 18,000 náírà, òun sì fẹ́ lọ gbà á kí òun tó lè ní òun ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé bó bá tún débẹ̀, kò ní padà. Kí la ó ṣe?

Àgbà Wẹ́fíà dáhùn:

Ẹ jẹ́ kó lọ. Owó òógùn rẹ̀ ni, bí a bá sì ní kó fi sílẹ̀, a ti sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó má dá lọ. Kí àbúrò bàbá rẹ̀, oníwẹ́dà yẹn, tẹ̀lé e ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n gun ọ̀kadà kan náà lọ, kí wọ́n sì gùn ún bọ̀. Bí wọ́n bá gba owó náà, kí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ kà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, kí ìyá náà sì dúpẹ́ sókè, kí àwọn ará ilé gbọ́ orúkọ ẹni tó mú un wá.